Tate Modern ní London: ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, àmọ́ ẹ wo orúkọ tó wà lára ògiri

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má lọ máa wá a nísàlẹ̀. Àwọn èèyàn ti kọ púpọ̀ nípa àwòrán tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà yìí àti bí odò Thames ṣe rí tẹ́ ẹ bá wà lókè, mi ò ní tún ìyẹn sọ. Tèmi lónìí, orúkọ ni. Mo máa ń lọ síbẹ̀ dáadáa torí kò jìnnà sílé mi, mo sì máa ń mú àlejò lọ, pàápàá àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé tí wọn ò tíì fẹ́ ná pọ́n-ùn, ohun tí mo wá rí ni pé ibi yòówù tẹ́ ẹ bá yíjú sí, orúkọ ẹnì kan á ti wà níbẹ̀ dè yín. Ẹ fẹ́ wo sinimá, Starr Cinema ni. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àfihàn, wọ́n á ní Eyal Ofer Galleries ni kẹ́ ẹ lọ, àbí George Economou Gallery. Àbúrò mi kan bi mí pé ṣé àwọn oníṣẹ́ ọnà nìyẹn. Rárá o, àwọn tó mówó wá ni. Oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi ni Ofer, mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ló fún wọn ní 2013. Economou náà, ọkọ̀ ojú omi ni.

Ká má ṣe lọ jìnnà, Tate gan-an, orúkọ olówó ni. Henry Tate, oníṣúgà, Tate yẹn náà ló wà nínú Tate & Lyle tí àwọn àgbà wa nílé mọ̀ lára páálí ṣúgà. Òun ló fún ìjọba ní àwòrán 65 àti £80,000 láti fi kọ́ ilé tó wà ní Millbank, Tate àkọ́kọ́, wọ́n ṣí i ní 1897. National Gallery of British Art ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ Tate ni gbogbo ayé ń pè é, títí ìjọba náà fi gbà fún wọn ní 1932. Òun fúnra ẹ̀ ò lẹ́rú o, kò tíì ju ọ̀dọ́mọdé lọ nígbà tí wọ́n fòpin sí ẹrú níní ní àwọn erékùṣù West Indies tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ṣúgà tó sọ ọ́ di olówó, àwọn baba wa tí wọ́n kó lọ sí West Indies ló fi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Tate náà ti kọ ọ́ síta fúnra wọn pé òwò ẹrú ló wà nídìí òwò ṣúgà yẹn.

Ó yá, ilé tuntun. Fún ẹni tí ò mọ ibẹ̀, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ni Tate Modern tẹ́lẹ̀, ó ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù ní 2000. Mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ́dún ni wọ́n rò pé á máa wá, àmọ́ èrò tó ń ya wọbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ilé ò gbà wọ́n mọ́. Ni wọ́n bá kọ́ òmíràn mọ́ ọn lẹ́yìn, alájà mẹ́wàá, Herzog & de Meuron, ayàwòrán ilé tó ṣe àkọ́kọ́ náà, ló ya èyí, bíríkì ni wọ́n fi bo gbogbo ara ẹ̀, wọ́n fi àlàfo sáàárín bíríkì tí iná inú ilé fi ń gba ibẹ̀ yọ lálẹ́. Wọ́n ṣí i ní June 17, 2016, mílíọ̀nù 260 pọ́n-ùn ló jẹ. Switch House ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó máa fi di May 2017, wọ́n yí i padà sí Blavatnik Building, torí Sir Len Blavatnik, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Odessa tó di ọmọ Amẹ́ríkà tó tún di ọmọ Britain, tó ti inú òwò alumíníọ́mù àti epo rọ̀bì Rọ́ṣíà di bílíọ́níà, òun náà ló ni Warner Music. Owó tó fi sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn.

Mi ò bínú sí ìyẹn o. Ẹni tó bá mú mílíọ̀nù 50 wá, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, kí ló kù? Ohun tí ò jẹ́ n fún wọn ní ìràwọ̀ karùn-ún ni pé ìjọba Britain náà mú mílíọ̀nù 50 wá fún ilé kan náà. Owó orí wa ni. Ti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù King's, ti ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe care. Káńsù Southwark pàápàá fi mílíọ̀nù kan sí i. Èló ló wá yàtọ̀ láàárín 50 àti 50? Tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ tá à ń wọ̀ ni ìdúpẹ́ tiwa, màá gbà á díẹ̀, torí lóòótọ́ látìgbà 2001 ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ibí ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ tí kì í bá ṣe pé àfihàn pàtàkì lẹ fẹ́ wò. Àmọ́ Blavatnik náà, tó bá wá, ọ̀fẹ́ náà ló máa wọlé, àbí irọ́ ni mo pa? Òun wá ní ọ̀fẹ́, ó tún ní orúkọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó níbi lánṣìn ṣọ́ọ̀ṣì rí, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. MC á pe chief launcher, onílù á ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, bàbá á gba máìkì, á ní "èmi, ìyàwó mi, àtàwọn ọmọ mi, mílíọ̀nù márùn-ún náírà!" ariwo á sọ. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣekárími ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ó kéré tán a gbọ́ iye. Gbogbo ìjọ gbọ́ ọ, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá yá wọ́n lè bi í pé bàbá, owó dà? (Wọ́n sì máa ń bi í o, torí mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti gbẹ́ orúkọ ẹnì kan sára òkúta ìpìlẹ̀, di bí mo ṣe ń tẹ èyí, ìlérí ṣì ni owó ọ̀hún, òkúta sì wà níbẹ̀, wọn ò lè hú u, wọn ò lè fọhùn.) Lára ògiri London, orúkọ nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó fún wọn ní mílíọ̀nù 50, ẹni tó fún wọn ní 10, lẹ́tà kan náà, àwọ̀ kan náà. Afi kéèyàn lọ gúgù ẹ̀ kó tó mọ ẹni tó ṣe bẹbẹ.

Ibi tí àìsọye yẹn ti dunni ni ọ̀rọ̀ BP. Ọdún gbọọrọ ni àmì ilé iṣẹ́ epo yẹn fi wà lára nǹkan Tate, àwọn tó ń jà fún àyíká ń pariwo, Tate ò fẹ́ sọ iye tí wọ́n ń gbà, afi ìgbà tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí wọ́n sọ ọ́, ni wọ́n bá gbé e jáde ní January 2015: mílíọ̀nù 3.8 pọ́n-ùn fún odidi ọdún 17, láti 1990 sí 2006. Ẹ pín in wò. Bí £224,000 lọ́dún kan ni. Èmi tí mo kà á, ẹnu yà mí, mo rò pé BP ló ń gbé gbogbo ilé yẹn dúró, torí bí orúkọ wọn ṣe tóbi tó níbẹ̀! Nǹkan táṣẹ́rẹ́ ni. Tí wọ́n bá ti kọ iye sábẹ́ orúkọ látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ò bá ti mọ̀ pé wọ́n rà á ní pọ̀ọ́kú. 2017 ni àjọṣe yẹn parí.

Yàtọ̀ sí iye, ohun kejì tí mo fẹ́ kí bọ́ọ̀dù wọn, ìgbìmọ̀ tó ń darí Tate, máa kọ sára ògiri ni ọdún tí orúkọ máa parí. Bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ jẹ́ n sọ fún ẹni tí ò mọ̀, Prime Minister ló ń yan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òfin sì ní mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tó wù mí gan-an. Ẹ wo àwọn mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris. Nígbà tí wàhálà ìdílé Sackler gbóná, àwọn tó ni Purdue Pharma tó ń ta OxyContin, oògùn ìrora tó sọ àìmọye èèyàn di ẹrú ní Amẹ́ríkà, Louvre yọ orúkọ wọn kúrò lára yàrá wọn 12 ní 2019, wọn ò jà wọn ò ta, wọ́n ní ọdún 20 ni bọ́ọ̀dù àwọn fi lélẹ̀ fún orúkọ, ọdún sì ti pé. Ó tán! Mùsíọ́ọ̀mù Met ní New York dúró di December 2021 kó tó yọ tiẹ̀, Tate náà di 2022. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Lincoln Center ní New York, gbọ̀ngàn orin ni kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni: Avery Fisher fún wọn ní mílíọ̀nù 10.5 dọ́là ní 1973, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí i láìfi ọdún sí i, nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ta orúkọ náà fún ẹlòmíràn ní 2014, wọ́n ní láti san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún àwọn ọmọ ẹ̀ kí wọ́n tó gbà kí wọ́n yọ ọ́. Owó tí wọ́n san láti yọ orúkọ ju owó tí wọ́n gbà láti kọ ọ́ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e David Geffen mú mílíọ̀nù 100 wá, orúkọ tiẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ìdí tí kì í fi ṣe ìràwọ̀ méjì. Ilé àtijọ́ tó kọjú sí odò, Boiler House ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní 2018, Tania Bruguera, obìnrin oníṣẹ́ ọnà ọmọ Kúbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ Turbine Hall, gbọ̀ngàn ńlá inú ilé náà, fún lọ́dún yẹn, kó èèyàn 21 jọ, aládùúgbò gidi, àwọn tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní SE1 (kóòdù ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò Tate), ó ní kí wọ́n sọ ohun tí Tate lè ṣe fún àdúgbò. Wọ́n ní kí wọ́n fi orúkọ Natalie Bell sọ ilé yẹn. Ta ni Natalie Bell? Kì í ṣe bílíọ́níà, obìnrin tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ṣiṣẹ́ ni. Ọdún kan péré ni wọ́n ní ó máa lò, àmọ́ ẹ wo máàpù wọn lónìí, Natalie Bell Building ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan orúkọ ẹni tó mú mílíọ̀nù 50 wá, ẹ̀gbẹ́ kejì orúkọ ẹni tí aládùúgbò yàn, afárá kan ló wà láàárín wọn ní àjà kẹrin. Mi ò tíì rí mùsíọ́ọ̀mù mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. (Aládùúgbò kì í ṣe ẹ̀dá kan náà ṣá. Àwọn tó ń gbé inú fúláàtì onígíláàsì ní Neo Bankside, ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbé Tate lọ, wọ́n ní àwọn èèyàn ń wo inú yàrá àwọn láti òkè àjà kẹwàá, Supreme Court sì dá wọn láre ní February 2023.)

Àwa náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti pàtẹ iṣẹ́ Yinka Shonibare tó ń jẹ́ The British Library, ẹ má kọjá ẹ̀: ìwé 6,328 tí wọ́n fi àǹkárá bò, orúkọ àwọn tí àwọn tàbí òbí wọn ti ìlú mìíràn wá sí Britain ni wọ́n fi wúrà tẹ̀ sẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó ń tako àjèjì pàápàá wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó sanwó kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo máa ń dúró síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n sì ṣe àfihàn Nigerian Modernism, tó bẹ̀rẹ̀ ní October 2025, Ben Enwonwu, Ladi Kwali, Yusuf Grillo, ẹ wo orúkọ onígbọ̀wọ́: Access Holdings àti Coronation Group. Inú mi dùn, mo yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sílé, báńkì wa náà ti dé ara ògiri London! Mo ṣì fẹ́ mọ iye tí wọ́n san o.

Tẹ́ ẹ bá wà ní Èkó, tẹ́ ẹ fẹ́ wo bí ti ilé ṣe rí, ẹ lọ sí YSMA (Yemisi Shyllon Museum of Art) ní Pan-Atlantic University, lọ́nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tó ṣí ní 2019. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló gba gbogbo ibẹ̀, Yemisi Shyllon, ọmọọba Abẹ́òkúta. Mi ò ráhùn rárá, torí ohun tó mú wá ni ẹ̀ ń wò lára ògiri, iṣẹ́ ọnà ẹgbẹ̀rún kan ló fún wọn, ó tún fowó sí ilé náà. Ìyẹn ò nílò kẹ́nì kan kọ iye.

Fún àwọn tó ń bọ̀ ní Tate: Southwark tàbí Blackfriars ni kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ti St Paul's fẹsẹ̀ gba orí afárá Millennium kọjá. Ẹnu ọ̀nà Holland Street dára jù, ó dà gẹ̀rẹ́ sínú Turbine Hall, àwọn ọmọdé fẹ́ràn àtisáré níbẹ̀. Ẹ lọ sínú Natalie Bell kọ́kọ́, ẹ gba àjà kẹrin bọ́ sí Blavatnik, tọ́mọ yín bá sì bi yín pé ta ni àwọn èèyàn yìí, ẹ sọ iye fún un.