FreeCAD àti CalculiX fún ìṣirò àárẹ̀ ojú ìjórin: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń lò ó

Irin tí àwọn wẹ́dà jó pọ̀, tí ẹrù ń gùn tó sì ń sọ̀ lórí rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí irin tí kírénì ń rìn lórí rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́, kì í sábà dúró de ẹrù ńlá kan kó tó bàjẹ́. Ẹrù tó mọ níwọ̀n, tó ń lọ tó ń bọ̀, ló ń mú un sán, ẹsẹ̀ ojú ìjórin, ìyẹn etí ibi tí ìjórin ti pàdé irin, ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

FreeCAD, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya irin àti ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò láti yẹ irú irin bẹ́ẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Gmsh ló ń bá a gé àwòrán irin sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní mesh, CalculiX tí Guido Dhondt àti Klaus Wittig kọ ní Jámánì ló sì ń ṣírò stress, ìyẹn bí ẹrù ṣe ń fa irin tàbí tó ń fún un pọ̀ tó níbì kọ̀ọ̀kan. Mo fọkàn tán èsì rẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ pupa. Bí ìṣirò bá parí, ibi tó pupa jù nínú àwòrán, ìyẹn ibi tí stress ti ga jù, á wà ní ẹsẹ̀ ìjórin gẹ́lẹ́. Ẹ má gba nọ́mbà yẹn. Igun tó mú ni ibẹ̀, bí ẹ bá sì ṣe ń gé mesh wẹ́wẹ́ tó ni nọ́mbà náà á máa ga tó, kò ní dúró síbì kan. Kò sí sọ́fítíwíà irú rẹ̀ tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlànà hot spot stress ti International Institute of Welding ni mo ń tẹ̀ lé: stress tó wà níwájú ẹsẹ̀ ìjórin ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n ti ẹsẹ̀ náà. Ojú méjì lẹ ti máa ka stress níwájú ẹsẹ̀ ìjórin: ọ̀kan ní ìwọ̀n 0.4 ìnípọn irin, èkejì ní ìwọ̀n ìnípọn náà gan-an. Bí irin bá nípọn tó 12 mm, ó di 4.8 mm àti 12 mm. Ká ní stress yí padà pẹ̀lú 80 MPa (MPa ni wọ́n fi ń wọn stress) lójú àkọ́kọ́ àti 65 lójú kejì bí ẹrù ṣe ń gùn tó ń sọ̀. Ẹ fi 1.67 sọ 80 di púpọ̀, ẹ fi 0.67 sọ 65 di púpọ̀, ẹ wá yọ èyí kúrò lára tìṣáájú: 90 ló kù. Fún ìjórin fillet (èyí tí wọ́n jó sí igun ibi tí irin méjì ti pàdé) tó ń gbé ẹrù, FAT 90 ni wọ́n ń lò, ìyẹn ni pé bí stress bá ń yí padà pẹ̀lú 90 MPa, ìjórin náà lè gbà á ní ìgbà mílíọ̀nù 2. Bí ẹ bá tún irin náà yà tí 90 fi wálẹ̀ sí 72, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mílíọ̀nù 4. Ẹ wo èrè tó wà nínú pé kéèyàn fara balẹ̀ kà á dáadáa!

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni irinṣẹ́ tó ń ka stress lórí ìlà. Ẹ ó fa ìlà láti ẹsẹ̀ ìjórin síwájú, á ya gíráàfù rẹ̀ fún yín. Stress tó dábùú ojú ìjórin ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe von Mises (nọ́mbà kan ṣoṣo tó kó gbogbo stress ojú kan pọ̀), torí von Mises kì í sọ bóyá irin ń fà ni àbí ó ń fún pọ̀. Ẹ sì lè gé mesh wẹ́wẹ́ níbi ìjórin nìkan, kí kọ̀ǹpútà kékeré lè gbé e.

Ẹ má fo àwọn irin kéékèèké tí wọ́n kàn jó mọ́ra. Ní 27 oṣù kẹta 1980, Alexander Kielland, pèpéle orí omi tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé, dojú dé ní Òkun Àríwá, ènìyàn 123 nínú 212 ló kú. Ìjórin fillet 6 mm tó so ohun tí wọ́n fẹ́ fi gbé hydrophone (ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró lábẹ́ omi) mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá rẹ̀ ni sísán náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé FreeCAD kò ní ṣírò iye ìgbà tí irin á lò fún yín. Inú spreadsheet ni mo ti ń parí ìyẹn. Hot spot stress kò sì bo sísán tó ti gbòǹgbò ìjórin, ìyẹn ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wá. Stress tó gba àárín ìjórin kọjá ni mo ń fi ọwọ́ ṣírò fún ìyẹn, FAT 36 ni mo sì ń gbé e lé.