WhatTheFont lójú pátákó ṣọ́ọ̀bù ìlú àtijọ́

Ní Arles, ní Avignon àti káàkiri ilẹ̀ Faransé, lẹ́tà kan wà lára ṣọ́ọ̀bù tó ń sáré bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fà á ni. Mistral ni, fọ́ǹtì kan, ìyẹn àwòṣe lẹ́tà tí wọ́n ti yà sílẹ̀ fún ìtẹ̀wé. Roger Excoffon, ayàwòrán lẹ́tà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ya á láti ara ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀, Fonderie Olive, ilé iṣẹ́ lẹ́tà ìtẹ̀wé ti Marseille, sì gbé e jáde ní 1953. Irú èyí kì í nira fún WhatTheFont, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń dá fọ́ǹtì mọ̀ láti inú àwòrán, tó wà lórí MyFonts, ọjà fọ́ǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹ ya fọ́tò, ẹ gé e ku ọ̀rọ̀ kan, yóò sì to orúkọ àwọn fọ́ǹtì tó jọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Àléébù ńlá rẹ̀ ni pé bí ẹ bá gbé pátákó tí wọ́n fi ọwọ́ kọ síwájú rẹ̀, yóò ṣì wá èyí tó jọ ọ́ nínú ọjà MyFonts. Nítorí náà, ojú yín ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ wá lẹ́tà tó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Nínú «pâtisserie», s méjì dúró ti ara wọn. Bí ìrù ọ̀kan bá gùn ju ti èkejì lọ, ọwọ́ ló kọ ọ́. Bí wọ́n bá jọra bí ìbejì, fọ́ǹtì ni. Lórí pátákó tuntun, ẹ yẹ lẹ́tà «i» méjèèjì wò pẹ̀lú, torí fọ́ǹtì òde òní mìíràn ní ẹ̀yà méjì-mẹ́ta fún lẹ́tà kan, á sì máa pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀.

Fọ́tò ló sábà ń ba èsì jẹ́. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ pátákó, orí lẹ́tà á fún, ìdí rẹ̀ á fẹ̀. Ẹ sọdá títì, ẹ fi súùmù fà á mọ́ra, kí ẹ sì tún un ṣe kó gún. Oòrùn máa ń na òjìji lẹ́tà onírin sára ògiri, irinṣẹ́ náà á sì ka òjìji mọ́ lẹ́tà. Ìgbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn ló dára jù. Ti iná néónì, ọ̀sán ni kí ẹ yà á, nígbà tí wọ́n bá ti pa á.

Kí ẹ tó ra fọ́ǹtì, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sínú àpótí ìdánwò MyFonts, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Etí Mistral rí gbágungbàgun. Ti Brush Script, tí Robert E. Smith yà ní Amẹ́ríkà ní 1942, ń dán. Ẹ wo ibi tí lẹ́tà ti so mọ́ra pẹ̀lú. Bí fọ́tò bá kọ̀ pátápátá, ìkànnì Identifont ń béèrè ìbéèrè nípa ìrísí lẹ́tà dípò àwòrán, ó sì tọ́ sí sùúrù tó ń gbà.