Oṣù mẹ́wàá tí mo ti ń fi Linux Mint ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Ọ̀ffà

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Pólì Ọ̀ffà. Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ND àti HND, ìwé ìpè ìyàwó, ètò ìsìnkú, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Láptọ́ọ̀pù méjì ni mo ní. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni HP EliteBook 840 G3, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ìlọrin ní ₦185,000. Intel ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀, mẹ́mórì rẹ̀ sì jẹ́ 8GB.

Ohun tó lé mi dé ìdí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń darí rẹ̀, ni pé Microsoft kéde pé tó bá ti di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí nìyẹn. Windows 11 tí wọ́n ní ká bọ́ sí sì rèé, Intel ìran kẹjọ sókè ló ń béèrè. Ó dùn mí gan-an. Bọ́tìnnì kan kò já lára ẹ̀rọ yìí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò tíì dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ rí, òun ni wọ́n ní kí n pa tì.

Mo kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, mo yí àwọn ṣọ́ọ̀bù Challenge ká. Ibi tí wọ́n ti ń dá owó láptọ́ọ̀pù tuntun tó gba Windows 11 dáadáa ni ₦500,000. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi, èyí tó ní káàdì NVIDIA fún géèmù lojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù rí bí mo ṣe dákẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, màmá, kì í ṣe àfọwọ́fà wa, dọ́là ni." Òótọ́ ló sọ, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ni ọjà tó bá ti ti òkè òkun wá kò ti ṣeé fọwọ́ kàn mọ́.

Ilé la padà sí. Ní òru, nígbà tí dátà rọjú díẹ̀, mo fa Linux Mint 22, ẹ̀yà Linux kan, sílẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ tó 3GB. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ní, Cinnamon, MATE àti Xfce, mo mú Xfce torí òun ló fúyẹ́ jù. Àbúrò mi bá mi gbé e sórí fláàṣì, a tan ẹ̀rọ, a tẹ Esc, a tẹ F9, a mú fláàṣì náà. Ohun tó wù mí jù ni pé ó jẹ́ kí n tọ́ ọ wò lórí fláàṣì kó tó kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Mo yẹ Wáyìfáì wò, mo yẹ ohùn wò, mo ṣí fídíò kan. Ọkàn mi balẹ̀, mo wá fi sí i pátápátá. Kò gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, n kò san kọ́bọ̀, àtúnṣe rẹ̀ yóò sì máa wá títí di ọdún 2029.

Bí ẹ bá ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́, ẹ óò mọ ohun tí fláàṣì wọn máa ń gbé wọlé. Ní oṣù keje, ọmọkùnrin kan já wọlé lálẹ́, òógùn bo ojú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, pírójẹ́ẹ̀tì mi ti lọ." Fáírọ́ọ̀sì ti wọ fláàṣì rẹ̀ níbi tó ti lọ tẹ̀wé, gbogbo fódà rẹ̀ ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tù, bó bá tẹ̀ ẹ́, òfìfo. Ọ̀la ló sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Mo fi fláàṣì náà sínú EliteBook. Fódà tí Windows kò fi hàn án wà níbẹ̀ gbangba, "Chapter 1 to 5", lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ṣọ́tíkọ́ọ̀tù ẹ̀tàn náà. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ fún Windows kò ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀ lórí Linux, àmì tó fi ń fi fódà pamọ́ kò sì di Mint lójú. Mo kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde, mo fọ fláàṣì náà, mo kó o padà sí i. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Láti ọjọ́ náà, fláàṣì kankan kì í kọjá sí ẹ̀rọ kejì kí EliteBook tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kejì tí n kò retí ni Yorùbá. Nínú ètò kíbọ́ọ̀dù Mint, lábẹ́ Nàìjíríà, wọ́n ti fi Yorùbá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ wà lábẹ́ ìka. Bàbá kan wá tẹ ètò ìsìnkú ìyá wọn, ó ní èyí tí ẹlòmíì tẹ̀ nígbà ikú bàbá wọn kò ní àmì kankan, ẹni tó ń ka oríkì sì ń kọsẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Mo tẹ tiwọn pẹ̀lú àmì ohùn pé pérépéré, bàbá náà ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ lọ geere o. Prínńtà mi kọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, mo bá a jà: mo yọ wáyà, mo fi í, mo pa á, mo tún un tàn. Níkẹyìn, mo rí i pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe dráífà, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ prínńtà, fún Linux, dráífà àjọlò kan tí àbúrò mi bá mi wá rí ló gbà á sílẹ̀, síbẹ̀ títẹ̀ ojú-ewé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹni tó bá ń fi prínńtà jẹun, kó so ó mọ́ ẹ̀rọ nígbà tí Mint ṣì wà lórí fláàṣì, kó tó pa Windows rẹ́. Bákan náà ni iṣẹ́ tí wọ́n bá fi Word tẹ̀. LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Word lórí Mint, ń ṣí i, ṣùgbọ́n tí fọ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò bá sí lórí ẹ̀rọ yín, àtẹ a yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Nígbà tí mo fi fọ́ǹtì Microsoft tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sí i, Times New Roman jókòó dáadáa. Pírójẹ́ẹ̀tì tí àtẹ bá pọ̀ nínú rẹ̀, PDF ni mo ń sọ ọ́ dà kí n tó fún wọn.

Ní ti géèmù, àbúrò mi ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Valve tó ni Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé Proton jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ẹ rántí ìjókòó tàfúsíì nínú oṣù ààwẹ̀: ajánásì a kà á ní Lárúbáwá, alfa a túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí Proton ń ṣe fún géèmù Windows lórí Linux nìyẹn. Linux ló wà nínú Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé tí Valve ń tà láti ọdún 2022, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú Proton bí ẹyin ojú. Stardew Valley ń lọ bí omi lórí EliteBook. Euro Truck Simulator 2 ń lọ téèyàn bá dín ojú àwòrán kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù a máa ké. Géèmù ńláńlá tuntun kò ṣeé dá lábàá, kò sí káàdì géèmù nínú rẹ̀.

Géèmù bọ́ọ̀lù gan-an lọkàn àbúrò mi ń fà sí, EA Sports FC. Kò ṣí. Ẹ̀ṣọ́ adènà màgòmágó tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kò gba Linux láàyè. Fortnite àti Valorant náà bẹ́ẹ̀, Apex Legends tó ń ṣí tẹ́lẹ̀ sì tilẹ̀kùn mọ́ Linux ní ọdún 2024. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí fún PS5, ẹ̀rọ géèmù Sony. Ẹ̀rọ tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ní $499, ó yẹ kí owó rẹ̀ ti máa wálẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 wọ́n gbé e lọ sí $549.99 ní Amẹ́ríkà. ₦850,000 ni wọ́n dá a fún wa. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀ níwájú rẹ̀. ₦200 ni wọ́n ń gba ìdíje kan ní ilé géèmù tó wà ládùúgbò. Owó PS5 kan yóò gbá 4,250. Bó bá ń gbá mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ó ju ọdún mẹ́jọ lọ, ti tẹlifíṣọ̀n àti epo jẹnẹrétọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó wo ìwé náà pẹ́, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa fún mi lówó ilé géèmù, ó tó."

Ẹ tètè ra mẹ́mórì tí ẹ bá fẹ́ fi kún ti yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ₦22,000 ni mo ra 8GB kún tèmi. Ní oṣù kìíní ọdún 2026, ṣọ́ọ̀bù kan náà dá a fún mi ní ₦58,000. Àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ AI sí ló ń gbé mẹ́mórì ayé mì, débi pé Micron, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mẹ́mórì, kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2025 pé àwọn ń fi Crucial, mẹ́mórì wọn tí èmi àti ẹ̀yin ń rà, sílẹ̀.

Ẹ̀rọ kejì ṣì wà lórí Windows. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí mo fi ń ṣe àwọn fọ́ọ̀mù kan kò mọ Linux rárá, oúnjẹ ọmọ mi sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí èyí tó mọ̀ ọ́n, fláàṣì Mint yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.