Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìkọ̀wé fún obìnrin ní Bódìjà: ẹ̀kọ́ dára, fọ́ọ̀mù ló kù díẹ̀ káàtó

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lóṣù tó kọjá níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìkọ̀wé kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. ₦25,000 tí mo san kò dùn mí, nítorí pé olùkọ́ wa ka iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi bírò sàmì sí ibi tí gbólóhùn ti wọ́, ó sì jókòó tì wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Àmàlà ọ̀sán gbóná. Fọ́ọ̀mù ni mo bá wí.

"Obìnrin nìkan" ni wọ́n kọ síbẹ̀, láìsí àlàyé kankan. Àbúrò mi kan, akéwì tó mọ ewì kọ jù mí lọ, kò ka ara rẹ̀ sí ọkùnrin, kò sì ka ara rẹ̀ sí obìnrin. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní nonbinary. Ó pe ìyá tó ń gba orúkọ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èmi náà lè wá?" Ìyá náà ní, "Kí ni wọ́n kọ sí NIN rẹ, ọmọ mi?" Obìnrin ni wọ́n kọ sí i, ni wọ́n bá gba owó rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, alákòóso mìíràn ránṣẹ́ pé kò sí ààyè fún un, ọjọ́ kẹsàn-án sì ni owó náà tó padà. (Ẹ wò ó, "ó" àti "rẹ̀" ni mo ti ń lò bọ̀, èdè wa kò sì fipá mú mi yan akọ tàbí abo.)

Èmi kò lòdì sí yíya ààyè sọ́tọ̀ fún obìnrin. Kò sí obìnrin kankan láàárín àwọn òǹkọ̀wé mẹ́fà tó kù fún Booker Prize, ẹ̀bùn ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n ń fúnni ní Ìlú Ọba, ní 1991, èyí ló sì bí ẹ̀bùn àwọn obìnrin òǹkọ̀wé tí a mọ̀ lónìí sí Women's Prize for Fiction, tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní 1996, tí Chimamanda Ngozi Adichie sì gbà ní 2007. Ibi tí àwọn ará Bódìjà ti kọsẹ̀ ni ẹ̀bùn náà pàápàá ti kọsẹ̀. Ní 2019, ìwé Akwaeke Emezi, ọmọ Nàìjíríà tí òun náà jẹ́ nonbinary, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà yọ. Ní 2020, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé Emezi mìíràn délẹ̀, wọ́n béèrè ohun tí òfin ka òǹkọ̀wé náà sí, Emezi sì kéde pé òun kò ní fi ìwé òun ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́.

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè yẹn kò tilẹ̀ wúlò: akọ tàbí abo nìkan ló wà lórí NIN, nítorí náà kò sí ẹni tí kò ní bọ́ sínú ọ̀kan, bó fẹ́ bó kọ̀. Àwọn mìíràn tó ń ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí máa ń kọ "obìnrin àti nonbinary" sí fọ́ọ̀mù tiwọn, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní ńṣe ni wọ́n ń fi òun ṣe èènì. Bó bá jẹ́ pé nítorí àwọn tí wọ́n ń fi ojú obìnrin wò, tí wọn kì í fún láyè, ni wọ́n ṣe dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ obìnrin nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn, kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó gbowó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ẹ̀kọ́, ọ̀kan péré ni mo fún ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n ti pè mí fún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́ sí mi.