Irin Àgbẹ̀dẹ, Irin Dídà, àbí Sítíìlì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Ilé Àtijọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé bàbá àgbà ṣe ní Kábà, Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Lọ́kọ́ja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí àwọn tó ń ra àlòkù irin tú irin ojú fèrèsé àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú irin tó jẹ́.

Irin àgbẹ̀dẹ, tí àwọn olùtajà ń pè ní rọ́ọ̀tì áyọ̀n, ni mo fẹ́ràn jù. Kábọ̀n (èròjà inú èédú) tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà tó 0.1%, àmọ́ ìdàrọ́ (pàǹtí tó máa ń kù lára irin tí a yọ́) wà nínú rẹ̀ ní fọ́nrán tín-ín-rín láti orí dé ìdí. Irú irin tí àwọn baba wa ń yọ nínú ìléru, tí wọ́n ń fi owú lù títí ìdàrọ́ fi dín kù, nìyí. Ní ọdún 1784, Henry Cort, oníṣẹ́ irin kan, gba ìwé ẹ̀tọ́ (pátẹ́ǹtì) ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣe é. Òun náà ni wọ́n fi kọ́ ilé gogoro Eiffel ní Paris, tó parí ní 1889. Ó máa ń tẹ̀ kó tó kán, alágbẹ̀dẹ sì lè fi iná àti owú nìkan so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1970 ni ilé iṣẹ́ ńlá tó gbẹ̀yìn tó ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá sílé, nítorí náà àlòkù lẹ máa rà.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ fi ayùn irin gé ọ̀pá kan dé ìdajì, ẹ dì í mú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ya. Bí ojú ibi tó ya bá rí fọ́nrán-fọ́nrán bí igi tí a là, irin àgbẹ̀dẹ ni. Bí ó bá dógùn-ún gan-an, ìpele-ìpele ló máa ń bó. Ẹ má gbára lé orúkọ tí olùtajà fún géètì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀tì áyọ̀n, sítíìlì tí wọ́n tẹ̀ ni.

Irin dídà, èyí tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà sínú àwòṣe, ní kábọ̀n tó tó 2% sí 4%. Ó dára fún òpó àti òdòdó ara ilé, ó lágbára lábẹ́ ẹrù, àmọ́ bí òòlù bá bà á, fífọ́ ni. Ẹ má fi ṣe irin fèrèsé.

Sítíìlì ló kù, òun ló wà lọ́jà, òun ni wẹ́dà mọ̀. Bí ẹ bá máa rà á, ọ̀pá tó dì ni kí ẹ rà, ẹ má ra páìpù: omi máa ń wọ ojú ibi tí wọ́n jó, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́ láti inú kí ojú yín tó rí i. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kàn jó o lé orí irin àgbẹ̀dẹ, torí ìpele òkè lè ṣí kúrò pẹ̀lú ohun tí wọ́n jó mọ́ ọn. Ẹ lu ihò, ẹ fi rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó irin tí wọ́n ń lu ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ kó má bàa yọ) kàn án.

Tí ìdí ọ̀pá nìkan ló jẹrà, ẹ gé e kúrò, kí alágbẹ̀dẹ fi irin ojú fèrèsé ẹ̀yìn ilé kan náà rọ́pò rẹ̀. Irin tó bá jáde lára ilé, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ síbi tó gbẹ títí iṣẹ́ yóò fi parí.