Kora olórùka awọ ti Brikama: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ kora gidi, ìyẹn ohun èlò orin olókùn tí wọ́n fi igbá àti awọ ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn jali (àwọn olórin àjogúnbá) ní Brikama, lórílẹ̀-èdè Gáḿbíà, ni kó kọ́kọ́ yà. Àwọn ìdílé bíi Jobarteh àti Konte ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìran, bíi ti àwọn Àyàn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ló ń kàn án, ìyẹn sì hàn nínú ohùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò létí òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara ògiri ló yẹ.

Ibi awọ ni iṣẹ́ ti jinlẹ̀ jù. Ìlàjì igbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 40 sí 50 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rẹ awọ màlúù sómi títí yóò fi rọ̀, wọ́n á nà án bo ẹnu igbá, wọ́n á ti igi ìdìmú méjèèjì àti igi ìdábùú kan bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá kan ìṣó yí i ká. Ó di kó gbẹ dénú kí okùn tó kàn án. Bí wọ́n bá kánjú so okùn, awọ á tẹ̀ wọnú lábẹ́ afárá, ìyẹn igi tó dúró lórí awọ tó gbé àwọn okùn ró, ohùn á sì kú. Ẹ fi ìka kan awọ náà káàkiri, kó dún gan-an-ran níbi gbogbo. Ibi tó bá ń dún bọ̀ù ti dẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún fi ojú wọn ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé òkè. Bó bá ti tẹ̀ síhà awọ, ẹ fi sílẹ̀: kò ní í dúró lójú ohùn láé.

Okùn 21 ló ní, 11 lápá òsì, 10 lápá ọ̀tún. Okùn ìpẹja oníọ̀rá ni wọ́n ń lò báyìí dípò awọ àgbọ̀nrín tí wọ́n ń lọ́ tẹ́lẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Òrùka awọ tí wọ́n hun yí ọrùn ká ló di okùn kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í sókè, ohùn á ga. Ẹ fà á wálẹ̀, á rẹlẹ̀. Silaba àti Sauta jẹ́ ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to ohùn kora. Láti kúrò nínú ìtò Silaba bọ́ sí Sauta, okùn méjì péré lẹ máa sún sókè ní ààbọ̀ ohùn: ìkẹfà lápá òsì àti ìkẹfà lápá ọ̀tún, bí ẹ bá kà á láti orí èyí tó rẹlẹ̀ jù.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra èyí tó ní irin ìyíkùn bíi ti gìtá. Lóòótọ́, ó yá láti tò. Ṣùgbọ́n irin náà ń wúwo lọ́rùn, òrùka awọ sì ṣeé tún hun nígbàkígbà. Ìyọnu rẹ̀ ni ọ̀rinrin: lásìkò òjò, òrùka máa ń yọ̀, awọ á sì dẹ̀, bí ọyẹ́ bá dé, awọ á le, gbogbo okùn á ga.

Kora tuntun á máa jáde kúrò lójú ohùn lóòrèkóòrè níbẹ̀rẹ̀, nítorí awọ àti okùn ṣì ń nà. Bí afárá bá ń tẹ̀ síhà ọrùn, ẹ dẹ okùn díẹ̀, kí ẹ rọra dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, nítorí bó bá ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú okùn líle, ó lè ya awọ. Kí ẹ tó kúrò nílé oníṣẹ́, ẹ ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń hun òrùka, kí ẹ sì gba okùn àfipamọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.