Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Glover Hall ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ dákun, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni fún “ìrìn-àjò Èkó, eré ní Glover Hall, oúnjẹ, mọ́tò àlọ àtàbọ̀”, ẹ ka èyí tán. Ó ti gba ₦175,000 lọ́wọ́ ẹbí mi, ó sì tún ti gbé ìpolówó tuntun síta lọ́sẹ̀ yìí.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ti rí ìpolówó náà lórí WhatsApp á mọ̀ ọ́n: àwòrán àwọn oníjó níwájú aṣọ pupa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ààyè ti ń tán, kí ẹ sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ Òsósà ni màmá mi. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn Hubert Ogunde lẹ́nu wọn, bí ọmọ ìlú àwọn ṣe fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó di baba àwọn eléré. Ní 1944, ìjọ Aládùúrà tí Òṣítẹ̀lú ọmọ Ògèrè dá sílẹ̀ ló ní kó ṣe eré tí wọ́n máa fi wá owó ìkọ́lé, Glover Hall ní Customs Street l'Ékòó ló sì ti ṣe é. Gómìnà tí àwọn bàbá wa ń pè ní Gólóbà ni wọ́n fi sọ gbọ̀ngàn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han èèyàn ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ 1903. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò sì débẹ̀ rí. Nígbà tí ọkùnrin yìí ní eré Ogunde ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀, mi ò bèèrè nǹkan míì. Mo sanwó èèyàn méje, ₦25,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ obìnrin. Ó ní ìyàwó òun ni.

Bọ́ọ̀sì dé lóòótọ́. Ohun tó fi ń mú èèyàn nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò wá, ọmọkùnrin kan ló rán pé kó máa mú wa kiri.

A kọ́kọ́ lọ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọmọkùnrin yẹn ní ká mú ₦2,000 wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ká tó lè wọlé. Bàbá kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ́, ó ní, “Owó kí ni? Ta ló ń gbowó níbí?” Ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ ra omi. A ò rí i mọ́. Ní Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010, àwa fúnra wa la tún san owó ẹnu ọ̀nà. Oúnjẹ ńkọ́? Kò sí.

Ìgbà tá a dé Glover Hall, ìpàdé àwọn kan ló ń lọ nínú ibẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wa wò, ó ní, “Àǹtí, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí.” “Clover Memorial Hall” ni wọ́n kọ. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèje, ìjókòó kan náà: B14. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ti wà lórí fóònù mi, mi ò rí i.

Léèsì funfun ni màmá wọ̀, wọ́n wé gèlè sányán. Wọ́n rìn lọ fọwọ́ kan ògiri, wọ́n ní, “Ṣé ibí nìyí?” Mo ní ibẹ̀ ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ míì títí a fi dé Ṣágámù.

Ká tó kúrò l'Ékòó pàápàá, dẹ́rẹ́bà ní owó àlọ nìkan ni wọ́n san fún òun. ₦40,000 la tún dá jọ. Nígbà tí mo pe ọkùnrin yẹn, ó ti búlọ́ọ̀kì mi.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ o. Ẹ lọ, ẹ kó àwọn ọmọ dání. Ṣùgbọ́n ẹ pe gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ bẹ ará yín tó wà l'Ékòó kó yà síbẹ̀, kó bèèrè bóyá eré wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bèèrè orúkọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣeré. Èmi bèèrè, ó ní “àwọn àgbà eléré” ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.

Àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ wá sí Ojúde Ọba ló dójú lé báyìí, ₦60,000 ló sì ń pè é. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. A ti rí ẹgbẹ́ akọrin kan ní Ṣágámù tó ṣe irú ẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo wa ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tó bá ti gba tiyín náà, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká mọ iye wa, kí ẹ sì mú ẹ̀rí tiránsífà yín dání.